Ọjọ́ Tí Brazobán Ní Kí Wọ́n Gbé Kọfí Wá

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Santa Eduvigis nípa olóògbé Teódulo Brazobán, ọjọ́ tó jókòó sáàárín pápá béèsìbọ́ọ̀lù ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Gbogbo ìlú ti pé, àlùfáà pàápàá ti sáré parí ìsìn. Brazobán gun orí òkìtì tí ajubọ́ọ̀lù máa ń dúró lé, ó wo iwájú, kò rí Eligio, tó máa ń lóṣòó gba bọ́ọ̀lù rẹ̀. Fabricio ló lóṣòó síbẹ̀ tó ń retí bọ́ọ̀lù, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá iléeṣẹ́ ṣúgà, pẹ̀lú bàtà tuntun lẹ́sẹ̀. Brazobán bá jókòó. Ó ní kí wọ́n bá òun gbé kọfí wá, kí ṣúgà rẹ̀ má pọ̀. Èmi ni mo gbé e lọ. Ó ní ó ti dùn jù.

Iléeṣẹ́ ṣúgà ló ni ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù wa. Ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́, iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni wọ́n máa ń fún un, bíi kó jókòó sẹ́nu géètì. Ẹni tí wọ́n bá yọ, àdá ló kàn, oko ìrèké ló ń lọ. Orúnkún Eligio méjèèjì nígbà yẹn ti ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Oko ìrèké máa pa á, gbogbo wa la mọ̀. Ọ̀gá náà, Don Leovigildo, mọ̀, àmọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ lóṣòó.

Don Leovigildo fúnra rẹ̀ wọ pápá wá, aṣọ funfun láti òkè délẹ̀.

"Teódulo, dìde."

"Ẹ káàsán, ọ̀gá. Mò ń mu kọfí ni."

"Ta ló ń yan ẹgbẹ́ yìí, èmi àbí ìwọ?"

"Ẹ̀yin ni, ọ̀gá. Ẹ yan Eligio, ká lè bẹ̀rẹ̀."

"Eligio ò lè sáré mọ́."

"Ta ló ní kó sáré? Kó lóṣòó ni mo wí."

Ọ̀gá wo àwọn èrò, àwọn èrò náà ń wo ọ̀gá. Wọ́n lọ pe Eligio. Brazobán sì mu kọfí rẹ̀ tán kó tó dìde, ó ní òun ò lè fi oúnjẹ ṣòfò.

Àtìgbà náà ni kóòṣì tó ń kọ́ ẹgbẹ́ ò ti yan ẹnikẹ́ni mọ́ láìbi Brazobán. Tí wọ́n bá mú ọmọ tuntun wá, kò ní wo apá, kò ní wo ẹsẹ̀. Ìdí máńgòrò iwájú ṣọ́ọ̀bù ló máa mú un lọ, kí àwọn méjèèjì jọ ta dómínò pọ̀, kí wọ́n dojú kọ àwọn méjì mìíràn. Ó ní ẹni tí ò bá fura sí ohun tó wà lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ nídìí dómínò, kò ní fura lórí pápá. Wọ́n mú ọmọkùnrin kan wá láti olú ìlú, tó ń gbá bọ́ọ̀lù kọjá odò. Dómínò ọwọ́ ara rẹ̀ nìkan ló ń wò. Brazobán ní kí wọ́n dá a padà. Ọmọ náà lọ bá ẹgbẹ́ ìlú kejì, ó sì ń nà wá lọ́dọọdún. Brazobán ní síbẹ̀síbẹ̀, kò mọ dómínò ta.

Eligio ni Brazobán fúnra rẹ̀ máa ń bá ta pọ̀. Àwọn kan ní orúnkún ni Eligio fi ń sọ fún un ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Brazobán ní irọ́ ni, orúnkún yẹn kì í sinmi tó láti sọ̀rọ̀.

Àmọ́ apá Brazobán náà darúgbó. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ wá ń rìn débi pé o lè bi í léèrè ibi tó ń lọ. Don Leovigildo wá bá a nídìí dómínò, inú rẹ̀ dùn, ó ní ẹgbẹ́ ò lè bọ́ arúgbó méjì lọ́dún yìí.

"Ṣebí ìwọ lo máa ń bá wa yan? Ta ni ká yọ?"

Eligio sọ dómínò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Brazobán fara balẹ̀ ta dómínò rẹ̀.

"Ẹ yọ Brazobán."

"Ìwọ mà ni Brazobán."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń wò ó. Apá rẹ̀ ti tán, ó tún lágídí. Àmọ́ ẹ sọ ọ́ síbí, lójú gbogbo èèyàn, pé ẹnu géètì ni Eligio máa wà títí ọlọ́jọ́ á fi dé."

Èèyàn pọ̀ nídìí máńgòrò. Ọ̀gá sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, Brazobán gbé àdá, ó gba oko ìrèké lọ. Nígbà tó máa fi kọjá níwájú géètì, Eligio ò lè wò ó lójú. Brazobán ní kó ṣí géètì, ṣé ó fẹ́ kí òun pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ni. Kí òjò tó dé, ó ti ń sọ fún gáfà tó ń ṣọ́ oko, ẹni tí kò yẹ kó gé ìrèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnìkejì. Kí òjò tó dá, gáfà ti ń wá bi í.

Lọ́jọ́ tí a sin Brazobán, Eligio mú ìbọ̀wọ́ awọ àtijọ́ tó fi ń gba bọ́ọ̀lù wá. Wọ́n sọ pósí kalẹ̀ tán, ó bọ́ sẹ́bàá sàréè, ó lóṣòó, ó la ìbọ̀wọ́ náà sílẹ̀. Orúnkún rẹ̀ dún, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àlùfáà náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá, a rí i pé kò dìde. Fabricio, tó ti sanra, tó ti di ọ̀gá lẹ́yìn ikú àbúrò bàbá rẹ̀, lọ di apá rẹ̀ mú.

"Bàbá Eligio, ẹ jẹ́ kí n gbé yín dìde."

"Fi mí sílẹ̀, ọmọ yìí. Kò tíì ju bọ́ọ̀lù."

Fabricio dúró, ó wo inú sàréè. Ó wá yíjú sí mi, ó ní kí n lọ gbé kọfí wá, kí ṣúgà rẹ̀ má pọ̀.