Ọládùnní àti Olóògùn Kọ̀ǹpútà

Ọládùnní kò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n kò sí akọ̀wé kan láàárín Ọ̀rẹ̀ àti Odìgbó tí kò mọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe mú tó. Ọmọ Elisha ni, àgbẹ̀ kòkó ní Omifunfun. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ìyá àdúrà ní ìjọ Aládùúrà, nítorí náà bí Ọládùnní bá ń bá ènìyàn jà, ńṣe ló máa ń da ọ̀rọ̀ oko pọ̀ mọ́ ti Bíbélì, tí ẹni náà kò sì ní mọ èyí tí yóò fèsì sí. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Benin ti ń da eruku bo gbogbo ayé.

Ìgbà náà le. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba, ọjà wọ́n gógó, ẹni tó bá sì kùn sókè ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó kùn. Nínú ọ̀wọ́n gógó yẹn ni Ọládùnní ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan. Àwọn ènìyàn ní ó ti ya wèrè. Ó ní tí wèrè bá rí báyìí, kí Ọlọ́run má wo òun sàn.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba fẹ́ gba oko kòkó Omifunfun kí wọ́n fi gbin ọ̀pẹ. Ìgbìmọ̀ kan yóò jókòó ní Odìgbó ní ọjọ́bọ̀. Àgbẹ̀ tí orúkọ àti ààlà oko rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé tí àwọn àgbẹ̀ bá gbé wá, kò ní oko mọ́ nìyẹn. Bàbá Akínwọlé, olórí àwọn àgbẹ̀, gbé iṣẹ́ náà fún Ọládùnní. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn àgbẹ̀ mẹ́tàlélọ́gọ́rin ń wá lọ́jọọjọ́ ọjà, tí oníkálukú ń fẹnu sọ ààlà rẹ̀, tí òun sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Ní ọjọ́ ajé tó ṣáájú ọjọ́bọ̀ yẹn, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì wọ kọ̀ǹpútà. Bí ó bá tẹ ọ̀rọ̀, àwọn lẹ́tà á bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ewé. Ó gbìyànjú láti tẹ ìwé náà jáde, wúruwùru ló jáde.

Ọjọ́ kejì ni Láoyè dé láti Èkó, ó so táì mọ́rùn nínú oòrùn. Ilé-iṣẹ́ Asà, tó ń ṣe oògùn kòkòrò kọ̀ǹpútà, ló ń ṣiṣẹ́ fún, ó sì ń gbé dísìkì oògùn náà kiri láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Ó ní àwọn báǹkì ńlá ń lò ó. Ó ní bí ènìyàn kò bá fọkàn tán àwọn tó ń ṣe ààbò, ta ni yóò wá fọkàn tán? Bàbá Akínwọlé tó jókòó síbẹ̀ ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n ní Omifunfun, kò sí àgbẹ̀ tó ń ra oògùn kòkó kó máa fín in ká gbogbo oko lọ́jọ́ kan náà. Láti ìgbà tí àwọn oníṣòwò ti ń fi ẹfun lú oògùn, igi kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ́kọ́ fín. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọn á lọ wo igi náà, wọn á sì wo ilẹ̀ ìdí rẹ̀, torí oògùn mìíràn wà tó ń pa kòkòrò, tó tún ń pa ilẹ̀. Ọládùnní yọ dísìkì tí ìwé àwọn àgbẹ̀ wà nínú rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀rọ, ó fa dísìkì àtijọ́ kan yọ, èyí tí kòkòrò ti mú, ṣùgbọ́n tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ju ìwé ìpè ìgbéyàwó kan lọ. Ó ní kí Láoyè fi ìyẹn dán an wò. Kí ọkùnrin náà tó bẹ̀rẹ̀, Ọládùnní kọ́kọ́ yẹ dísìkì oògùn rẹ̀ wò: ìwé méje ló wà nínú rẹ̀.

Inú Láoyè kò dùn, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Lẹ́tà kò já bọ́ mọ́. Bàbá Akínwọlé pàtẹ́wọ́. Ọládùnní kò pàtẹ́wọ́ ní tirẹ̀. Ó tún yẹ dísìkì oògùn wò. Ìwé ti di mẹ́jọ. Ó ṣí ìkẹjọ. Ìwé ìpè ìgbéyàwó yẹn ni, tí oògùn ti jí dà kọ, odidi, tọkọtìyàwó pẹ̀lú àdírẹ́sì wọn.

Láoyè rẹ́rìn-ín. Ó ní ilé-iṣẹ́ ní láti mọ ibi tí kòkòrò ń gbé ni, pé àwọn kì í fi han ẹnikẹ́ni.

“Ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣọ́ wa,” ni Ọládùnní wí. “Ta ló wá ń ṣọ́ yín?”

Ọkùnrin náà ní ẹni tí kò ní nǹkan tó ń fi pamọ́ kì í bẹ̀rù, àti pé òun mọ àwọn tó wà lókè nínú ìjọba tí wọn yóò fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rù ba Ọládùnní, a kò ní parọ́. Síbẹ̀ ó yọ dísìkì Láoyè, ó fi mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn rédíò tó ti bàjẹ́ ra á tìdí-torí láti pa ohun inú rẹ̀ rẹ́, kí ìwé ìpè náà má bàa dé Èkó, ó sì dá a padà fún un. Ó ní ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn ti fi ẹ̀gún sọ́wọ́, kó máa lọ ní àlàáfíà.

Bàbá Akínwọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. “Ọma mi, oko wa ńkọ́? Ọ̀túnla ni ọjọ́bọ̀.”

Ó ní kí wọ́n fi ọ̀kadà ránṣẹ́ sí Omifunfun, kí gbogbo wọn tún wá. Ó gbé táípúráítà rẹ̀ àtijọ́ sórí tábìlì, ó ki bébà àti kábọ́ọ̀nù sí i. Ní gbogbo ọjọ́rú, àwọn àgbẹ̀ tò láti ẹnu ọ̀nà dé etí títì, wọ́n tún ń sọ ààlà wọn: odò lápá kan, igi ìrókò lápá kejì. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìka rẹ̀ ti wú, mẹ́tàlélọ́gọ́rin sì ti pé.

Láyé ìgbà yẹn, kò sí atẹ̀wé tó ń fi orúkọ ara rẹ̀ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, torí ìbẹ̀rù àwọn ológun. Ọládùnní tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá: Ọládùnní, ọmọ Elisha, ló tẹ̀ ẹ́, ọ̀nà márosẹ̀, Ọ̀rẹ̀. Bàbá Akínwọlé di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó bi í pé ṣebí torí kí orúkọ má bàa dé ọ̀dọ̀ ìjọba ló ṣe lé ará Èkó lọ.

“Rárá, Bàbá,” ló wí. “Orúkọ wa kì í ṣe ohun ìpamọ́. Kí wọ́n jí i ni mo kọ̀. Tí a bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ wá, àwa fúnra wa la máa sọ fún wọn.”