Ọkọ̀ Òfurufú Tí Kò Kúrò Lórí Tábìlì Irmtraud

Ọdún méjì gbáko ni Irmtraud Kessebohm, ará àdúgbò wa nílẹ̀ Jámánì, fi ya àwòrán ọkọ̀ òfurufú kan ṣoṣo. Ogun ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Orí Dókítà Strackerjan, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ni ọkọ̀ náà ti wá: kékeré ni, igi ni wọ́n máa fi kàn án, kò ní ìrù, kò ní ikùn, apá lásán ni látòkè délẹ̀, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì kan lẹ́yìn. Awakọ̀ á dojú bolẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ nà lẹ́gba.

Ẹ́ńjìnnì ọ̀hún ò dé rí. Lẹ́tà àwọn tó ń ṣe é nìkan ló ń dé, ẹ́ńjìnnì náà sì ń sanra sí i nínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti sanra báyìí, Irmtraud á tún apá náà yà. Ìgbà mọ́kànlélógún ló yà á.

Lóṣù kejì ọdún 1945, ọ̀gá ológun kan dé láti Berlin. Ó na ọrùn wo ìwé orí tábìlì.

"Ìrù rẹ̀ dà?"

"Kò ní ìrù, ọ̀gá," ni Dókítà dáhùn. "Ọgbọ́n ibẹ̀ gan-an nìyẹn."

"Ọgbọ́n kẹ̀! Adìẹ pàápàá ní ìrù!"

Irmtraud ò gbójú kúrò lára rúlà rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, adìẹ ọ̀hún, báwo ló ṣe ń fò jìnnà tó?"

Dókítà wúkọ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ọ̀gá ológun náà fajú ro, síbẹ̀ ó buwọ́ lùwé: ọgọ́rùn-ún ọkọ̀, kó ti ṣetán kí Àjíǹde tó dé. Bó ṣe ń lọ, ó kó gbogbo káfíńtà wa dání láti lọ gbẹ́ kòtò ogun.

"Ta ni yóò wá kàn án?" Irmtraud béèrè.

"Ìwọ ṣáà máa yà á lọ, jàre," ni Dókítà wí.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn Àjíǹde, ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló dé. Olórí wọn ní kí Irmtraud mú ọkọ̀ òfurufú náà wá. Irmtraud na ìwé náà sí i.

"Ọkọ̀ gan-an ni mo wí!"

"Òun náà lẹ mú dání yẹn."

Wọn ò gbà á gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi tú ọgbà Dókítà, ọ̀dùnkún nìkan ni wọ́n rí. Nígbà tó yá, wọ́n kó ìwé àti Dókítà lọ sí Amẹ́ríkà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Irmtraud kù sílé. Ilé tí bọ́ǹbù bà jẹ́ pọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán fèrèsé fáwọn káfíńtà tó padà bọ̀. Ilé Hedwig oníbúrẹ́dì ni wọ́n ti kọ́kọ́ kan ọ̀kan. Irmtraud dúró nídìí rẹ̀, ó ṣí i, ó tì í, ó tún ṣí i.

"Ṣé kò ṣe déédéé ni?" Hedwig bi í.

"Ó ṣe déédéé." Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Mo kàn ń wò ó bóyá ó wà níbẹ̀ lóòótọ́ ni."

"Ó wà níbẹ̀. Jọ̀ọ́ tì í, òtútù ń pa mí."