Aṣọ Fèrèsé Ilé Kúdáì

Fún ọdún mẹ́ta, mo ní ilé kan ní Mẹ́kà tí ojú mi kò rí rí. Mo mọ iye fèrèsé rẹ̀. Mo mọ bí àtẹ̀gùn rẹ̀ ṣe ga tó, mo mọ ilẹ̀kùn tó máa ń há bí wọ́n bá fẹ́ ṣí i, mo sì mọ̀ pé bí èèyàn bá dúró lórí òrùlé rẹ̀ nígbà Mògàríbì, yóò gbọ́ ìpèrun láti mọ́ṣáláṣí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹlòmíì ló sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Kristẹni ni mí, Kristẹni kì í sì í wọ Mẹ́kà.

Jẹ́dà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà yẹn, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ogun Kùwéètì parí. Gbogbo àlejò ìlú náà ló ń gbé ìkámà kiri, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé ìjọba mọ̀ nípa ẹni. Ti Mùsùlùmí jẹ́ aláwọ̀ ewé, tiwa jẹ́ aláwọ̀ búráùn. Aláwọ̀ ewé ni ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń gbé ní Mẹ́kà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí wa. Bàbá wa jẹ́ ọmọ ìjọ, ìyá wa jẹ́ Mùsùlùmí, àwa ọmọ sì pín ara wa fún wọn: ẹ̀gbọ́n tẹ̀ lé ìyá, èmi tẹ̀ lé bàbá. Kò dá ìjà sílẹ̀. Ẹran Iléyá ń wọ ikùn mi, ìrẹsì Kérésì ń wọ ikùn ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó dun ìyá mi díẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ṣe ìrìbọmi, ó wá, ó jókòó sí ìjókòó tó kẹ́yìn pátápátá, ó sì fa gèlè rẹ̀ wálẹ̀ dé ojú bí ẹni pé oòrùn ń ràn nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Mẹ́kà ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá rẹ̀ ti gba ìwé ọmọ onílùú kí wọ́n tó bí i, nítorí náà òun nìkan nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni òfin gbà láyè láti ní ilé. Nígbà tí ilé àtijọ́ kan jáde fún títà ní Kúdáì, àdúgbò kan ní Mẹ́kà, ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi ní Jẹ́dà. Ó ní kí a jọ rà á, kí a jọ tún un ṣe, kí a máa fi gba àwọn alálàájì láti ilé lálejò, kí wọ́n lè sùn níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ Yorùbá. Orúkọ ọkọ òun ni yóò wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n tiwa ni. Mo gbà, mo sì kó owó tèmi sílẹ̀. Ta ni yóò bi ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn ní kékeré léèrè pé, níbo ni ìwé tèmi wà?

Kì í ṣe ilé ni mo ń wá, kí n má purọ́. Ìyá wa ti ń múra àtiwá ṣe Hájì. Ẹ̀gbọ́n mi ṣèlérí pé yàrá ìsàlẹ̀ yóò jẹ́ tirẹ̀, àti pé lọ́jọ́ tó bá dé, òun yóò mú un lọ síbẹ̀, òun yóò sì sọ fún un pé àwa méjèèjì la ṣe é. Títí dìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ fún un, kó lè bá a lójijì. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Mo fẹ́ kí ìyá mi sùn nínú yàrá tí ọwọ́ mi wà níbẹ̀, ní ìlú tí ẹsẹ̀ mi kò lè dé, kó sì mọ̀ pé ọmọ tó tẹ̀ lé bàbá kò kọ òun sílẹ̀.

Mo wá fi gbogbo ara ṣiṣẹ́ sí ilé náà. Lọ́dọọdún, bí Hájì bá ti ń lọ, wọ́ọ̀dù wa máa ń kún fún àwọn ìyá àgbà tó yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀ tí egungun ìdí wọn sì kán. Mo ti rí i tó pé mo lè sọ ibi tí ìyá kan ti ṣubú kó tó la ẹnu. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n kan irin ìdìmú mọ́ ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ti àtẹ̀gùn. Mo ní kí wọ́n gbé ẹnu ẹ̀rọ omi kan wálẹ̀, kí wọ́n mọ ìjókòó síwájú rẹ̀, kí arúgbó má baà dúró lórí ẹsẹ̀ kan bó bá ń ṣe àlùwàlá. Mo ní kí wọ́n fi ọ̀dà funfun kun etí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan nítorí ojú tó ti ń ṣe bàìbàì. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní ṣé ilé la ń ṣe ni àbí ọsibítù. Mo ní kó lọ ṣubú lẹ́ẹ̀kan ná, kó wá padà béèrè.

Bahra, lójú ọ̀nà Mẹ́kà, la ti máa ń pàdé. Èmi àti nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi kan á wọ takisí láti Jẹ́dà, ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ rẹ̀ á gbé ọkọ̀ akẹ́rù kékeré wọn wá láti apá kejì. Iwájú Bahra ni àwọn ọlọ́pàá ti ń yẹ ìkámà wò, tí wọ́n á sì ní kí oníwèé búráùn yà sí ọ̀nà mìíràn, nítorí náà Bahra ni òpin ayé mi. Ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan wà níbẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti jó àwọn irin ìdìmú náà, èmi fúnra mi sì dì wọ́n mú lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi gbogbo ìwúwo mi rọ̀ mọ́ wọn, tí wẹ́dà ń wò mí bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Wọ́n kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n lọ. Èmi padà sí Jẹ́dà.

Kọ́tìnì ló gba ọkàn mi jù. Télọ̀ ni bàbá wa, òun ló sì fi ìránṣọ kọ́ mi kí n tó mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń rán kọ́tìnì fún fèrèsé tí kò rí? Mo fún ẹ̀gbọ́n mi ní báńdéèjì tí wọ́n ká jọ, mo ní kó fi wọn fèrèsé kọ̀ọ̀kan, kó gé e níbi tó bá parí sí, kó sì fi bírò kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ti ibo ni. Ó kó wọn padà fún mi ní Bahra nínú ọ̀rá: yàrá ìsàlẹ̀, ìbú, yàrá ìsàlẹ̀, gígùn, àjà kejì, ti ẹ̀gbẹ́ òkè. Gbogbo ilé náà wà nínú àpò mi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwa Kristẹni bíi mẹ́wàá máa ń kóra jọ sí yàrá mi nílé àwọn nọ́ọ̀sì. A ó ti fèrèsé, nítorí òfin ìlú náà kò gbà á láyè, a ó máa kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni ń ṣòfófó. Bí a bá ti ṣe àdúrà ìparí, mo máa ń gbé maṣíìnì jáde, mo ń rán kọ́tìnì ilé alálàájì lọ. Ẹ̀rín máa ń pa wá. Aṣọ àwọ̀ ewé tó ṣú díẹ̀ ni mo rà, mo sì ká igun kọ̀ọ̀kan bí bàbá wa ṣe ń ká a: a ó kọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ po sínú, a ó wá fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán an, láì lo maṣíìnì, kó má baà le gbagidi. Ó ń jẹ àkókò, kò sì sẹ́ni tí í rí i. Mo ṣe é fún gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n mi fi fọ́tò kan ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n ta wọ́n sójú fèrèsé tán, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù mi.

Ìyá wa dé lọ́dún kẹta. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí bàálù wọn balẹ̀ sí Jẹ́dà, bọ́ọ̀sì sì kó wọn lọ sí Mẹ́kà láìdúró. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí tẹlifóònù. Ó ní Màmá ti dé, ara rẹ̀ le, ó fẹ́ràn yàrá náà gan-an. Mo bi í bóyá ó ti sọ fún un.

“Mo ti sọ,” ni ó wí.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lò ní Mẹ́kà, inú mi ń dùn bíi ti ọmọdé. Mo ń dá rẹ́rìn-ín ní wọ́ọ̀dù.

Nígbà tí Hájì parí, bàálù wọn pẹ́. Wọ́n tẹ́ ẹní fún àwọn alálàájì lábẹ́ òrùlé ńlá pápákọ̀ òfurufú Jẹ́dà, wọ́n ní kí wọ́n máa dúró. Mo gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, mo gbé ìrẹsì àti ẹran díndín, mo lọ. Màmá mi ti dú, ó ti rù, ó ti fi wúrà sí eyín iwájú kan, gálọ́ọ̀nù omi Sámúsámù sì wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi pé ẹnìkan fẹ́ jí i. Mo kúnlẹ̀, mo pè é ní Àlàájà. Ó rẹ́rìn-ín débi pé wúrà náà tàn.

Ó jẹun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ilé. Ó ròyìn irin ìdìmú, ó ní bí òun bá dì í mú, òun á dà bí ọmọ ogún ọdún. Ó ròyìn ẹnu ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ àti ìjókòó rẹ̀, ó ní obìnrin kan láti Ìwó sunkún ayọ̀ níbẹ̀ nítorí eékún rẹ̀. Ó ròyìn ọ̀dà funfun. Mo ń dúró kó yí ojú sí mi. Ó sì yí i lóòótọ́.

“Orí ẹ̀gbọ́n rẹ pé,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n ìwọ ni ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí. Ó ní òun bẹ̀ ọ́ kí o bá òun dá sí i, o sì ní o ò lè fi ọwọ́ rẹ kan ilé àwọn Mùsùlùmí. Nítorí ìsìn náà ni? Ṣé Mùsùlùmí kọ́ ló bí ọ?”

Kò sọ ọ́ bí ẹni ń jà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti rò ó títí, tó sì ti dárí jì mí. Ìyẹn gan-an ló pa mí. Wọ́n pe ìrun Alásàárì, ó dìde lọ ṣe àlùwàlá, èmi sì lọ síbi tẹlifóònù.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e. Èdè Lárúbáwá ló fi ké sí ìyá rẹ̀, ó ní nọ́ọ̀sì ló ń pè. Nọ́ọ̀sì. Kò pè mí ní àǹtí.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè ohun tó sọ fún Màmá. Ó ní àwọn alálàájì kan ti béèrè ta ló tún ilé ṣe, ọkọ òun sì ní bí wọ́n bá gbọ́ pé ọwọ́ Kristẹni wà níbẹ̀, wọn ò ní sùn níbẹ̀ mọ́. Mo ní Màmá kì í ṣe àlejò. Ó ní Màmá bi òun pé kí ni èmi ṣe sí ilé náà, òun sì gbọ́dọ̀ dáhùn níwájú àwọn èèyàn.

“Ẹ sì sọ pé mo kọ̀?”

“Àbúrò mi, gbọ́,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ tutù. “Kí ni orúkọ rẹ fẹ́ máa ṣe nínú ilé tí o ò lè wọ̀?”

Mo gbé tẹlifóònù sílẹ̀. Èèyàn tó mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í dákẹ́. Mo ti bú dókítà àgbà rí nítorí abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, n kò rí èébú kankan. Ẹ̀gbọ́n mi dalẹ̀ mi. Bó bá jẹ́ pé ilé náà nìkan ló gbà lọ́wọ́ mi, n bá gbàgbé. Ìyá mi ló gbà. A ṣì ń kí ara wa lọ́jọ́ ọdún títí dòní, ó sì máa ń béèrè àwọn ọmọ mi. N kò tíì dárí jì í, n kò sì ní díbọ́n pé mo ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo padà síbi ẹní pẹ̀lú ìpinnu pé n ó tú gbogbo rẹ̀ jáde. Fọ́tò náà wà nínú àpò mi. Mo mú un wá kí a lè jọ wò ó. Ṣùgbọ́n Màmá mi ti kírun tán, ó ń ka tẹ̀súbáà, ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere. Ogún ọdún ló fi ń tọ́jú owó ìrìn àjò yìí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ìjà àwa ọmọ rẹ̀ ló máa gbé wọ bàálù, yóò sì mọ̀ pé ọmọ tó bá òun dé Káábà purọ́ fún òun ní ìlú mímọ́. Mo fi ọwọ́ sílẹ̀ nínú àpò.

Wọ́n kéde pé kí àwọn alálàájì tò. Mo bá a gbé gálọ́ọ̀nù. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ohun kan kù tí òun fẹ́ sọ.

“Kọ́tìnì yàrá tí mo sùn, wọ́n ká igun rẹ̀ bí bàbá yín ṣe máa ń ká a. Ọ̀kan náà ni. Mo jókòó, mò ń wò ó, omi ń dà lójú mi. Mo bi ẹ̀gbọ́n rẹ pé ta ló rán an, ó ní télọ̀ ará Íńdíà kan ni, ní àdúgbò Mísfálà. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé Àráfà, mo ṣe àdúà fún un. Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ rọ, kí ọmọ rẹ̀ má sọ ọ́ nù.”

“Àmín, Màmá,” ni mo wí. Ó jáde sókè ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, àwọn tó tò níwájú wa sì bojú wẹ̀yìn.

Màmá mi wò mí, ó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní ó dùn mọ́ òun nínú pé mo ṣì lè ṣe àmín sí àdúà tí wọ́n ṣe fún ẹlòmíì.