Wákàtí Mẹ́rin, Láìsí Ọṣẹ

Kí-ló-fà-á kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹnu ara rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún kọkàndínlógún rẹ̀ rèé nílé ìfọṣọ, ìdí ẹ̀rọ kejì ló sì máa ń wà. Bí ẹ bá gbé aṣọ alábàwọ́n síwájú rẹ̀, kò ní fọwọ́ kàn án kó tó bi yín pé, "Kí ló fà á?" Bí ẹ bá ní epo ni, á ní irú epo wo. Bí ẹ bá ní ẹ ò mọ̀, á gbé aṣọ náà símú. Oníbàárà kan tiẹ̀ jágbe mọ́ ọn lọ́jọ́ kan pé aṣọ lòun kó wá fọ̀, òun ò wá jẹ́jọ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, màmá mi. Àbàwọ́n tí a ò bá mọ bàbá rẹ̀, a ò lè lé e lọ sílé." Ká sòótọ́, mélòó nínú wa ló lè fèsì sí ìyẹn?

Nígbà tí àìsàn dé, ìbéèrè náà ló fi pàdé rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ wú, ojú rẹ̀ tẹ̀ lé e, dókítà wá sọ fún un pé kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti ń dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó sunkún. Irọ́ ò dáa, ọjọ́ méjì gbáko ló fi sunkún. Lọ́jọ́ kẹta, ó padà lọ bá dókítà, ó ní òun fẹ́ mọ iṣẹ́ tí kíndìnrín ń ṣe gan-an.

Dókítà ní, "Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fọ̀, Màmá. Tọ̀sán-tòru."

"Alágbàfọ̀ ni wọ́n nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, alágbàfọ̀ ni wọ́n."

"Ó ti wá rẹ̀ wọ́n." Ó mi orí. Ọ̀rọ̀ yẹn yé e ju bó ṣe yé dókítà lọ, torí kò sẹ́ni tó lè sọ fún obìnrin yìí bí ọwọ́ alágbàfọ̀ ṣe ń rí lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ kékeré kan fún un ní apá òsì, wọ́n so iṣan méjì pọ̀ níbẹ̀ kí abẹ́rẹ́ lè rí ọ̀nà gbà. Nígbà tí ojú ibẹ̀ jinná tó sì le dáadáa, ẹ̀jẹ̀ fífọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àga méje ló wà nínú yàrá náà, ẹ̀rọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga kọ̀ọ̀kan, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sì ń lọ láti ara èèyàn sínú ẹ̀rọ, láti inú ẹ̀rọ sára èèyàn. Àwọn tó kù máa ń sùn. Òun ńkọ́? Ojú rẹ̀ ò kúrò lára ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ti bi nọ́ọ̀sì pé, "Nọ́ọ̀sì, ọṣẹ wo lẹ fi ń fọ̀ ọ́?"

"Kò sí ọṣẹ, Màmá."

"Láìsí ọṣẹ? Wákàtí mẹ́rin?"

Nọ́ọ̀sì náà sanra, ó sì ní sùúrù. Ó fi ike gígùn kan tó wà lára ẹ̀rọ hàn án. Ó ní nǹkan bí òwú ló kún inú rẹ̀, òwú tó ní ihò nínú. Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú òwú kọjá, omi oníyọ̀ ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ìdọ̀tí nìkan ló ń jò látinú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú omi.

"Omi náà tutù ni àbí ó gbóná?"

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́."

"Háà! Nílé iṣẹ́ wa, ẹ̀jẹ̀ ò gbọ́dọ̀ rí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ o. Omi tútù la fi ń fọ̀ ọ́. Bí iná bá ti kàn án pẹ́nrẹ́n, ó ti wọra aṣọ títí láé nìyẹn."

"Ẹ̀jẹ̀ ara aṣọ nìyẹn, Màmá. Tara yín ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí a bá fi omi tútù fọ̀ ọ́, ẹ máa gbọ̀n jìnnìjìnnì."

Ó rẹ́rìn-ín títí àga fi ń mì, nọ́ọ̀sì sì kìlọ̀ fún un kó má fa rọ́bà yọ. Àmọ́ ẹ̀rín kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló máa ń jókòó lórí àga kẹta. Olùkọ́ náà pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ nítorí ìrìn àjò. Nígbà tí Kí-ló-fà-á dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíì ló wà lórí àga kẹta. Kò béèrè ohun tó fà á. Ó mọ̀.

Ìsinmi ọdọọdún rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ń lọ. Nígbà tí ìsinmi tán, ó di dandan kó tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Níbí lọ̀rọ̀ ti wọ́. Obìnrin tó lè bi aṣọ ní ìbéèrè yìí ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun. Ọkùnrin kan tó máa ń lọṣọ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lọ́dún kan, wọ́n ní kó lọ sinmi nílé díẹ̀, dòní wọn ò tíì pè é padà. Torí náà kò lọ bá ọ̀gá. Akọ̀wé tó ń kọ ìwé iṣẹ́ ojoojúmọ́ ló lọ bá, ó sọ ọ́ ní ṣókí pé, "Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé mò ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù, Ìṣẹ́gun àti Ẹtì, wákàtí mẹ́rin."

Akọ̀wé yìí ni òdìkejì rẹ̀ láyé. Ohun tí wọ́n bá sọ ló ń kọ. Bí ẹ bá ní kó kọ ọ́ pé ẹ ń lọ fi áyọ́ọ̀nù lọ ojú ọ̀run fún wákàtí méjì, á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ọsibítù yẹn gan-an, ilé ìfọṣọ yìí ló ń fọ̀ ọ́ látijọ́. Ìyá ọ̀gá ló gba iṣẹ́ náà nígbà ayé rẹ̀. Pátákó dúdú kan wà lára ògiri tí ìyá náà máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ àwọn oníbàárà ìgbà gbogbo sí: òtẹ́ẹ̀lì, ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ilé ẹ̀kọ́, Ọjọ́rú, ọsibítù, Ìṣẹ́gun àti Ẹtì. Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá ti wà lára pátákó, a kì í já a kulẹ̀, òjò ì báà máa rọ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀gá yìí, ọmọ rẹ̀, jókòó sípò rẹ̀. Oṣù méjì sẹ́yìn, ọsibítù kó aṣọ wọn lọ síbòmíì, wọn ò sọ ibẹ̀. Ọ̀gá nu orúkọ wọn kúrò lára pátákó, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò lágbára láti nu àwọn ọjọ́ náà. Ìṣẹ́gun àti Ẹtì ṣì wà níbẹ̀ láìní olówó orí.

Kí-ló-fà-á tún wá fi tiẹ̀ kún un. Ó fẹ́ mọ ẹni tó gba iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ tó ń bọ̀ látorí àga, ó gba ẹ̀yìnkùlé ọsibítù kọjá, ó dúró sídìí okùn ìsáṣọ, ó ń yí etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì wò bóyá á rí àmì alágbàfọ̀ lára rẹ̀. Awakọ̀ ilé iṣẹ́ wọn ń kọjá lọ, ó sì rí i. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ẹnu awakọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá dúró níwájú ẹ̀rọ kejì, ìwé akọ̀wé wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Ọmọ iléèwé ni nígbà tí obìnrin yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pè é ní Àǹtí. Ìbínú ò jẹ́ kó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò mú kó gbàgbé "ẹ" ọ̀wọ̀ tó fi ń bá a sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, ta ló fà yín wọnú fífọ ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù yìí?"

Ẹ̀rù ba Kí-ló-fà-á. Àṣírí ti tú. "Dókítà ni, ọ̀gá."

"Dókítà fúnra rẹ̀! Láti ìgbà wo?"

"Oṣù méjì."

Ọ̀gá mi orí bíi pé ìṣirò rẹ̀ bọ́ sí i. "Ẹ̀yin nìkan ni?"

"Rárá o. Àwa méje la máa ń wà níbẹ̀. Àwọn míì tún ń wá ní ìrọ̀lẹ́."

"Méje! Ẹ̀rọ ńkọ́?"

"Kálukú ló ní ẹ̀rọ tiẹ̀." Ibi tó fẹ́ràn jù lọ̀rọ̀ dé yẹn, ojú rẹ̀ sì là, ó gbàgbé pé ẹ̀rù ń ba òun. "Ọ̀gá, ẹ ò rí irú ẹ̀rọ yẹn rí! Kì í pariwo bíi tiwa. Kì í jò. Kò sì lo ọṣẹ rárá."

"Láìsí ọṣẹ?" Ọ̀gá tún ọ̀rọ̀ náà wí.

"Omi àti iyọ̀ ni."

Ọ̀gá pa ìwé dé. Ó ní, "Ẹ tún wá ń yangàn lójú mi, Àǹtí. Nílé ìyá mi. Ọ̀la lọjọ́ Ẹtì. Ẹ yan ibí tàbí ọ̀hún. Bí ẹ bá lọ sọ́hùn-ún lọ́la, ẹ má padà wá síbí mọ́." Ó yí padà, ó ń lọ.

Ọkọ Kí-ló-fà-á jẹ́ bíríkìlà, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà délé, ó bá ọkọ tó ń fọ sìmẹ́ńtì kúrò lọ́wọ́ nínú garawa. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ tẹkúntẹkún. Ó ní ọ̀gá ò láàánú. Bí òun bá lọ, iṣẹ́ lọ. Bí òun ò bá lọ, àga òun á di ti ẹlòmíì.

Ọkọ rẹ̀ ní, "Sọ fún un. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Mo sọ fún un! Kí ni mo ṣẹ́ kù?"

"Ṣé o dárúkọ kíndìnrín?"

Ó ronú. Kò dárúkọ rẹ̀. Kò dárúkọ àìsàn pàápàá.

Bíríkìlà yọ ọwọ́ kúrò nínú omi. "Kí ló wá rò pé ò ń fọ̀?"

Ẹ wo bí ayé ṣe rí. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Kí-ló-fà-á, ọkọ rẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ ló béèrè ìbéèrè náà. Ó jókòó sórí àpótí. Lóòótọ́, kí ló fà á tí ọ̀gá fi ń béèrè ẹ̀rọ? Kí ló kan ọ̀gá bóyá ọṣẹ wà tàbí kò sí?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kó tó di pé ẹnikẹ́ni tan ẹ̀rọ, ó ti dúró nídìí tábìlì akọ̀wé. Ó ṣí ìwé. Lábẹ́ "iṣẹ́", akọ̀wé kọ "fífọ ẹ̀jẹ̀". Lábẹ́ "oníbàárà", ó kọ "ọsibítù". Lábẹ́ "àkókò", ó kọ wákàtí mẹ́rin. Kí-ló-fà-á rẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú, omi bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì yí padà di nǹkan míì díẹ̀ kó tó tán. Ó nu ojú, ó lọ bá ọ̀gá nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń ya aṣọ funfun kúrò lára aláró.

"Ọ̀gá, ẹ̀jẹ̀ ta lẹ rò pé mò ń fọ̀?"

"Ti àwọn aláìsàn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Èmi ni aláìsàn."

Ọ̀gá wò ó. Kí-ló-fà-á ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó na apá òsì sí i. Iṣan kan yọ síta níbẹ̀, ó nípọn bí okùn ìsáṣọ. "Ẹ gbọ́wọ́ lé e. Kì í rani."

Ọ̀gá gbọ́wọ́ lé e. Iṣan náà ń gbọ̀n lábẹ́ ìka rẹ̀, ó ń gbọ̀n láìdáwọ́ dúró, bí ara ẹ̀rọ kejì nígbà tí aṣọ bá kún inú rẹ̀. Ọ̀gá ta gìrì, ó fẹ́ fa ọwọ́ yọ, ṣùgbọ́n kò yọ ọ́. Ojú tì í dé ẹ̀yìn ọrùn.

"Àǹtí mi. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ gba aṣọ ọsibítù mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kíndìnrín mi méjèèjì ló ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Èmi ni mi ò là á mọ́lẹ̀."

Ọ̀gá béèrè pé, "Ìgbà wo ló máa parí?"

Kí-ló-fà-á na ọwọ́ sí òkìtì aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fọ̀ lánàá, tó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, tó ń dúró de ọkọ̀. "Ìgbà wo nìwọ̀nyẹn máa parí, ọ̀gá?"

Ọ̀gá bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó fi í sápò, ó ní òun fúnra òun lòun máa dúró nídìí ẹ̀rọ kejì títí Àǹtí á fi dé. Lẹ́yìn náà ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó lọ síbi pátákó ìyá rẹ̀, síbi tí Ìṣẹ́gun àti Ẹtì ti dá wà láti oṣù méjì, ó sì kọ "ẹ̀jẹ̀" síwájú wọn gàdàgbà gàdàgbà. Kò sẹ́ni tí kò mọ òfin pátákó yẹn.

Kí-ló-fà-á ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀ nígbà tí ọ̀gá pè é padà. "Àǹtí! Ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí ọṣẹ níbẹ̀?"

"Bí mo bá dé, màá ṣàlàyé," ló wí, ó sì jáde.

Akọ̀wé ti ṣí ìwé rẹ̀, ó ti ń da pátákó kọ bó ṣe máa ń ṣe. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti gba iṣẹ́, ó gbé orí sókè, ó béèrè ìbéèrè.

"Ọ̀gá, oníbàárà wo ni kí n kọ sí ti ẹ̀jẹ̀ yìí?"

Ọ̀gá ti ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè nídìí ẹ̀rọ kejì. Ó ní, "Kọ ọ́ pé tiwa ni."