Ọwọ́ Òsì Nínú Ìwé Mi

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìdèrè wọ Ìgbó-Ọrà, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Gbogbo orí tó wà lára ògiri àwọn onígbàjámọ̀, èmi ni mo yà á. Kìnnìún ilé búrẹ́dì, èmi ni. Láti ibẹ̀ títí dé Lánlátẹ̀, n kò tíì rí ẹlòmíràn tó lè ya ìka márùn-ún kí ó má dà bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà tu.

Kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, n kò sì fi í pamọ́. Àmọ́ mo parí Kùránì nílé kéwú, wọ́n sì ṣe wòlímọ̀ fún mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Àgbà, ló tọ́ mi. Òun ni kò gbà títí dòní pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Bí àlejò bá bi í léèrè mi, á ní, "Ó wà níbẹ̀ yẹn, ó ń fi ọ̀dà ṣeré." Mo ti kọ́lé, mo ti fẹ́yàwó, mo ti bí ìbejì, ọ̀dà náà ni mo fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu bàbá yẹn kí ó tó lọ: pé iṣẹ́ ni.

Nígbà tí àwọn Ṣáínà ń ṣe títì tó gba ẹ̀yìn ìlú kọjá, ọ̀kan nínú wọn gbé ọ̀kadà rẹ̀ wá pé kí n bá òun kun táńkì rẹ̀. Ó rí jagunjagun tí mo yà sára ilẹ̀kùn ìsọ̀ mi, tó fò sókè tó na ẹsẹ̀ kan síwájú. Ó dúró wò ó títí. Lọ́jọ́ kejì ó kó ìwé mẹ́ta wá fún mi, àwòrán ìjà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní ọkùnrin kan nílùú àwọn ló yà wọ́n.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ náà, tíṣà ni, a jọ dàgbà. Òun ló kọ́kọ́ gba ìwé, ó ṣí i láti òsì bí wọ́n ti ń ṣí ìwé nílé-ìwé.

"Bàbá Ìbejì," ó ní, "wọ́n kọ́kọ́ sin bàbá yìí, ó wá dìde, ó jà, ó sì padà di ọmọ ọwọ́. Ìwé òkùnkùn nìyí o."

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo sì ṣí i láti ọ̀tún bí mo ṣe ń ṣí Kùránì. Wọ́n bí ọmọ, ọmọ dàgbà, ó jà, ó kú. Ìtàn náà tò gbọnrangandan. Ṣáínà náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọ̀kadà rẹ̀ mú.

Mo sọ fún Tíṣà pé, "O ò rí i pé ìwé tí èmi náà kà, ó wúlò."

Ṣáínà yẹn máa ń wá lẹ́yìn iṣẹ́. Á sọ̀rọ̀ sínú fóònù, fóònù á sọ ọ́ lóyìnbó, Tíṣà á sọ ọ́ fún mi. Bí mo ṣe gbọ́ ìtàn ayé ọ̀gá tó ya àwọn ìwé náà nìyẹn. Alágbàrù ni bàbá tó bí i. Òun náà kò kàwé lọ títí, bébà tí wọ́n fi di ẹja ló fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yàwòrán. Nígbà tó wọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ayàwòrán, wọn ò jẹ́ kó ya ojú. Ìṣẹ́po ṣòkòtò ló ń yà fún ọdún pípẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n gbà á láyè kí ó ya ẹ̀ṣẹ́. Ọ̀gá nìkan ló ń ya ojú. Ìgbà tó dá dúró, ìtàn àwọn tálákà àdúgbò rẹ̀ ló yà, tí wọ́n ń gbèjà ara wọn. Àwọn ọmọ ń tọ́jú rẹ̀ sáàárín ìwé ìṣirò, àwọn tíṣà ń gbà á, wọ́n ń dáná sun ún. Lónìí, ẹnikẹ́ni tó bá ya ẹ̀ṣẹ́ nílùú wọn, tirẹ̀ ló ń wò yà.

Nígbà tí mo gbọ́ èyí tán, mo mọ̀ pé amọ̀ kan náà ni Ọlọ́run fi mọ èmi àti ọkùnrin yẹn.

Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé tèmi. Ìbejì ọmọ Ìgbó-Ọrà méjì, tí wọ́n lé àwọn olè kúrò lóko bàbá wọn. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, wọ́n wá kí bàbá wọn, ọ̀kan dọ̀bálẹ̀, èkejì kúnlẹ̀ gbé omi fún un. Ojú Bàbá Àgbà ni mo fún bàbá náà, pẹ̀lú ilà rẹ̀ àti ìkanra rẹ̀. Mo fi róbótó funfun sí ẹnu olúkúlùkù, Tíṣà ni yóò kọ ọ̀rọ̀ sí i. Mo sì to gbogbo rẹ̀ láti ọ̀tún.

"Yorùbá kì í kàwé láti ọ̀tún," Tíṣà wí.

"Ọ̀gá mi ń ṣe é bẹ́ẹ̀."

"Ọ̀gá rẹ kì í ṣe ará Ìbàràpá."

Mo di bébà náà, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó kó bébà náà lọ bá atẹ̀wé kan ní Èrúwà. Lọ́jọ́ kẹta ó pè mí lórí fóònù, mo wà lórí àkàbà. Ó ní wọ́n lè fi kọ̀ǹpútà yí àwòrán kọ̀ọ̀kan padà bí ìgbà tí èèyàn ń wo dígí, kí ìwé lè ṣí láti òsì, kí òun tó wá kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ṣé kí wọ́n ṣe é?

Mo ní, "Ọ̀gá kì í bá akọ̀wé jiyàn lórí bébà. Ẹ ṣe èyí tí ẹ bá mọ̀ ọ́n ṣe."

"Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ dáadáa?"

"Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, Tíṣà."

Mo sọ bẹ́ẹ̀. N kò ní purọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìwé dé, orúkọ mi gàdàgbà lára èèpo rẹ̀. N kò ṣí i wò. Mo kó gbogbo ilé jọ sí pálọ̀ Bàbá Àgbà lẹ́yìn ìrun, mo sì gbé e fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó wá awò ojú rẹ̀, ó ṣí ìwé.

"Èmi nìyí," ó ní.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Ọmọ ta lèyí tó kúnlẹ̀ yìí?"

"Ọmọ yín ni, nínú ìtàn."

"Ọwọ́ wo ló fi ń fún mi lómi?"

Mo na ọrùn wò ó. Ọwọ́ òsì. Ó ṣí ewé kejì, ìyá wọn ń fi òsì jẹun. Ó ṣí ẹ̀kẹta, àgbà kan na òsì sókè, ó ń ṣàdúrà fún wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ní, "Bóyá ọ̀tún ń dùn wọ́n, Bàbá." Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo yà, gbogbo rẹ̀ pátá, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ ṣàlàyé dígí fún?

"Mo ti ń sọ ọ́ pé ọ̀dà lo fi ń ṣeré," Bàbá Àgbà wí. "Èmi lo wá fi ṣeré báyìí o."

Ó pa ìwé dé, ó nà án padà sí mi. Ọwọ́ òsì ló fi nà án.

Mo gba ilé Tíṣà lọ tààrà. Mo ní, "Ìwọ lo kàwé, ó yẹ kí o mọ̀."

"Mo bi ẹ́. O ní ọ̀gá kì í bá akọ̀wé jiyàn. Akọ̀wé ni mo sì jẹ́ fún ẹ, n kò jẹ́ jù bẹ́ẹ̀."

Láti ọjọ́ náà a ò jókòó pọ̀ mọ́.

Kí Ṣáínà náà tó kó ẹrù rẹ̀ lọ, mo fi ìwé hàn án. Ìyàwó mi ló túmọ̀ fóònù rẹ̀ fún mi. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ìwé ọ̀gá náà nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ nílùú òyìnbó, gbogbo jagunjagun rẹ̀ di ọlọ́wọ́ òsì. Mo bi í pé kí ni àwọn òyìnbó wí. Ó ní wọn ò tiẹ̀ kíyè sí i. Oríire tiwọn nìyẹn. Wọn ò gbé e wọ pálọ̀ Bàbá Àgbà.

Bàbá Àgbà ṣì wà. Bí mo bá wọlé kí i, ọwọ́ mi ló máa ń kọ́kọ́ wò kó tó jẹ́ mi.

Mo ti ya ìwé kejì tán, láti òsì, ọwọ́ ọ̀tún sì wà ní ọ̀tún. Ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo mọ iṣẹ́ mi. Láràárọ̀ ni Tíṣà ń gba iwájú ìsọ̀ mi lọ síbi iṣẹ́, á ní, "Bàbá Ìbejì, kú iṣẹ́ o," kò sì ní dúró. Èmi náà kì í pè é. Àwọn bébà náà wà lórí tábìlì, gbogbo ènìyàn inú wọn la ẹnu, róbótó kọ̀ọ̀kan sì funfun báláú.