Bóòtù Tí Mo Já

Bàbá tó bí ìyá mi fẹ̀yìn lélẹ̀ sórí páálí lábẹ́ mọ́tò, wọ́n na ọwọ́ jáde, wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní sípánà. Èmi kọ́ ni wọ́n ń pè. Ọmọ tíṣà ará Èkìtì tó háyà yàrá ẹ̀gbẹ́ wa ni wọ́n ń pè, ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá bíi tèmi. Èmi ọmọ ọmọ wọn jókòó sórí táyà, mò ń wò bí àlejò.

Owó epo ti dé sílùú nígbà náà, gbogbo òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú tó ń gbé Mafoluku ló ń ra mọ́tò. Àgbàrá Òṣòdì sì ń mú kí abẹ́ mọ́tò dípẹtà kíákíá. Bàbá á fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò lára bóòtù, wọ́n á ro kẹrosíìnì sí i, wọ́n á lọ mu gààrí wọn. Tí wọ́n bá dé, wọ́n á fi òòlù kàn án jẹ́jẹ́, wọ́n á sì fetí sí i.

“Má bá a jà,” wọ́n á sọ fún ọmọ náà. “Dè é sí i díẹ̀ ná. Tó bá ti dún, kó o wá tú u.”

Bóòtù á dún kín-ín, Bàbá á rẹ́rìn-ín. Tí mo bá ní kí n bá wọn tú òmíràn, wọ́n á ní ara mi ti yá jù, kí n ṣì máa wò. Mo jowú ọmọ yẹn gan-an.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá lọ ra nǹkan n'Ísọlọ̀. Wọ́n ti ro kẹrosíìnì sí bóòtù sàlẹ́ńsà, páìpù èéfín mọ́tò kan, láti àárọ̀. Mo ní kí wọ́n dé bá a ní títú. Mo wọ abẹ́ mọ́tò, mo fi sípánà há a, mi ò dè é rárá, mo fi ẹsẹ̀ tì í. Ó já. Orí bóòtù bọ́ sílẹ̀, ìyókù há sínú irin.

Bí mo ṣe ń rá jáde, ọmọ tíṣà dúró síbẹ̀ pẹ̀lú garawa omi lórí. Ó wò mí, ó wo sípánà, ó wọlé lọ.

Ẹ̀yìnkùnlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Èmi ni aṣeni ọjọ́ náà. Nígbà tí Bàbá dé, tí wọ́n béèrè, mo ní ọmọ tíṣà ló já a. Wọ́n pè é.

“Bàbá, èmi kọ́.”

“Ta wá ni?”

Ó wolẹ̀. Ojú ti tíṣà gan-an, ó bẹ Bàbá títí, ó sì ní ọmọ òun ò gbọ́dọ̀ dé abẹ́ mọ́tò kankan mọ́.

Odindi ọjọ́ kejì ni Bàbá fi gbẹ́ ìyókù bóòtù yẹn jáde. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n tí bóòtù bá ti dún dáadáa, Bàbá á ní, “Ọmọ tíṣà yẹn ì bá gbádùn eléyìí.” Ara mi á bù máṣọ.

Bàbá ti kú tipẹ́, èmi náà ti ní ọmọ ọmọ. Mi ò tíì yé jowú ọmọ yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí Bàbá mọ́. Ó rí mi, wọ́n sì bi í léèrè, kò dárúkọ mi. Ká ní èmi ni mo rí i tó já bóòtù, ǹ bá ti dúró de Bàbá lẹ́nu ọ̀nà láti fẹjọ́ rẹ̀ sùn.