Ojú Kámẹ́rà àti Ọmọ Elégédé

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Ọ̀yọ́ níbí, mo ń ṣa ẹ̀wà, òórùn ewé elégédé tútù sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ni mo bá gbọ́ "kẹ́rẹ́" lẹ́bàá ọgbà. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ìka mi ti wọ ẹnu, eyín mi ti dé e lórí. Àgbà bíi tèmi, tí eyín ẹnu rẹ̀ kò pé mọ́! Àyà mi já débi pé mo da ẹ̀wà nù.

Mòrónkẹ́ ló tẹ fóònù. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin ni, yunifásítì ló ń lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọlidé ló wá lò lọ́dọ̀ mi. Ọmọ náà dojú bolẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó gbé fóònù sún mọ́ ọmọ elégédé kan tí òdòdó rẹ̀ kò tíì rẹ̀ tán. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ya ara wọn, wọ́n á ya oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ jẹ. Tirẹ̀, àfi ìrì lórí ewé kókò, àfi irun ẹsẹ̀ èèrà, àfi ẹ̀yìn ìgbín. Ó gbé e wá fún mi pé, "Ìyá Ọ̀yọ́, ẹ wò ó bó ṣe rẹwà tó." Ó rẹwà lóòótọ́. Gbogbo irun wẹ́wẹ́ tó wà lára ọmọ elégédé náà ló hàn, ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan sì rọ̀ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìka mi tún ti wọ ẹnu. Ó bi mí pé kí ló dé tí mò ń gé ìka jẹ. Mo ní kó fa àpótí kó jókòó. Ẹ̀yin náà tí ẹ ń ka èyí, ẹ fìdí mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró.

Abúlé tí wọ́n ti tọ́ mi kò jìnnà sí Ìrẹsà. Ilé alámọ̀ mélòó kan ni, igi òrombó kan tí èso rẹ̀ kan bí ọtí kíkan, àti ààtàn ńlá kan ní ẹ̀yìnkùlé tí elégédé Ìyá Àgbà fà bò. Ìyá Àgbà ni ìyá bàbá mi. Kò sí ohun tó fẹ́ràn tó elégédé yẹn, bàbá mi pàápàá kò tó o. Òfin kan sì wà lórí rẹ̀ tí kò sí ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n: a kì í fi ìka tọ́ka sí ọmọ elégédé. Bí o bá tọ́ka sí i, yóò rà. Bí ó bá ṣèèṣì bọ́ sí ọ lọ́wọ́, àfi kí o tètè gé àwọn ìka rẹ jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ojú eyín yóò fi hàn lára wọn. Ẹni tó tọ́ka ló gbọdọ̀ gé tirẹ̀. Ẹnìkan kì í bá ẹnìkan gé e. Nítorí náà, àgbọ̀n ni gbogbo wa fi ń júwe nǹkan ní agboolé wa. Àlejò tó bá dé lójijì á rò pé ọrùn ló ń dun wá.

Nígbà tí mo tó ọmọ tó lè gbé ìkòkò omi kékeré, ìyá mi bí ọkùnrin. Ọmọ méjì tó tẹ̀lé mi kò dúró. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ti wà nínú ilé wa kí èyí tó dé. Wọ́n ń pè é ní Àkànní, wọ́n sì ń pè é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìyá mi kì í sá aṣọ rẹ̀ sóde pẹ́. Bí ó bá sùn jù, wọ́n á jí i. Bí ó bá ké jù, wọ́n á máa wo ojú ara wọn. Èmi náà kọ́ ẹ̀rù náà, mo máa ń gbé etí lé àyà rẹ̀ láti gbọ́ bóyá ó ń mí.

Lọ́jọ́ ìkómọ, bàbá mi ránṣẹ́ pe Bọ̀dá Làmídì, ayàwòrán tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó gun alùpùpù dé, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ kọ́ àyà lábẹ́ agbádá kí eruku má baà kàn án. Ó ya àwọn àgbà tán, tí gbogbo wọn fajú ro bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dájọ́ fún. Oúnjẹ kò tíì jinná, ló bá rìn lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó yọ jígí kékeré kan tí ń sọ nǹkan di ńlá nínú àpò, ó lọ́ ọ mọ́ ojú kámẹ́rà, ó sì fi agbádá funfun dojú bolẹ̀ sórí ààtàn. Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n pè wá ya ọmọ ti ń ya ìdọ̀tí.

Ó pè mí pé kí n wá wò ó. Mo fi ojú kan lé e. Ẹ̀yin ọmọ, mo rí ẹ̀kán òjò kan tó so rọ̀ ní etí ewé, inú ẹ̀kán omi yẹn sì ni ilé wa wà. Ilé wa odidi, ó dorí kodò, tòun ti igi òrombó. Mo rí oyin tí ó da eruku òdòdó bo ẹsẹ̀ bí ẹni tó gún èlùbọ́. Àràárọ̀ ni mo ń gbá ibẹ̀, n kò rí ọ̀kankan nínú wọn rí. Mo fẹ́ kígbe, mo fẹ́ pe gbogbo ayé.

Lẹ́yìn náà ló yí kámẹ́rà sí ọmọ elégédé. Kò ju ẹyin adìẹ lọ. Ojú kámẹ́rà yẹn gùn, ó yọ síwájú, ó nà gbọọrọ sí i bí ìka. Inú mi bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ọmọdé ta ni yóò sọ fún àgbàlagbà pé kó má ṣe é? Kẹ́rẹ́. Mo dúró kí ó gé ìka rẹ̀ jẹ. Kò gé e, ẹ̀rín ló ń rín. Ni mo bá yíjú, mo gé tèmi, gbogbo rẹ̀, mo gé e títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo mọ̀ pé òfin kò gbà á, ṣùgbọ́n kí ni mo lè ṣe?

A wọlé. Ìyá mi gbé Àkànní lẹ́sẹ̀. Bọ̀dá Làmídì ní kí n fi ìka kan fún ọmọ náà dì mú, Àkànní sì dì í mú gírígírí. Ó wá gbé ojú kámẹ́rà kan náà sún mọ́ ọwọ́ àbúrò mi. Kẹ́rẹ́. Ó jẹun, ó dúpẹ́, ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ, kò sì gé ìka kankan.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ elégédé yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láìgbó. Ìdí rẹ̀ rọ̀, ó dúdú, ó ń ṣomi. Ìyá Àgbà to gbogbo wa jọ, ó bèèrè ẹni tó tọ́ka sí i. Kálukú ní òun kọ́. Ó ní ẹni tó ṣe é mọ ara rẹ̀, kó tètè wá nǹkan ṣe sí ìka rẹ̀ kó má baà lọ nà án sí nǹkan mìíràn. Bọ̀dá Làmídì ti nà án sí nǹkan mìíràn ná! Elégédé ni kámẹ́rà rẹ̀ kọ́kọ́ wò, ọwọ́ Àkànní ló wò tẹ̀lé e.

Lọ́jọ́ kejì, ara Àkànní gbóná. Kò gba ọmú. Ìyá Àgbà se àgbo, ó ń fi wẹ̀ ẹ́, ìyá mi sì kàn ń mi orúnkún. Mo yọ́ lọ, mo fi ìka mi sí àtẹ́lẹwọ́ àbúrò mi. Kò dì í mú. Ọwọ́ náà kàn là sílẹ̀ ni, ó rọ̀. Mo ronú kan ìdí elégédé yẹn, ẹ̀rù sì bà mí débi pé n kò lè sunkún. N kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí bàbá mi bá gbọ́, yóò lọ lu Bọ̀dá Làmídì, ta ló sì ń ráyè gé ìka jẹ nígbà tí wọ́n bá ń lù ú?

Láàárọ̀, mọ́tò tó ń kó ata lọ sí Ọjà Igbó dúró ní oríta. Mo gùn ún. Mo sọ fún àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ pé bàbá mi ló rán mi. N kò dá lọ ibì kankan rí. Ní gbogbo ibi tí mọ́tò bá ti dúró, ó ń ṣe mí bí ẹni pé mò ń gbọ́ ẹkún ìyá mi lẹ́yìn. Ìyá kan fún mi ní ẹ̀pà sísun, mo kàn dì í mọ́wọ́ títí a fi dé Ọjà Igbó.

Mo bèèrè ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n júwe rẹ̀, mo wọlé, kò sí ènìyàn níbẹ̀. Àfi ojú. Ara ògiri kún fún fọ́tò láti òkè dé ilẹ̀, arúgbó, ìyàwó, ọmọ ọwọ́, gbogbo wọn tẹjú mọ́ mi. Ó dá mi lójú pé kò sí èyí tó ṣẹ́kù láyé nínú wọn. Mo fẹ́ sá. Àkànní ni kò jẹ́ kí n sá.

Bọ̀dá Làmídì jáde láti inú yàrá dúdú tó ti ń fọ fọ́tò, ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó ń rùn bí oògùn. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé ìka yín jẹ. Àbúrò mi fẹ́ kú." Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ààtàn dé ọwọ́ tí kò dì mú mọ́.

Kò rẹ́rìn-ín. Títí dòní, ohun tí mo fi ń rántí rẹ̀ nìyẹn. Ó wọlé, ó mú fọ́tò méjì jáde. Nínú èyí àkọ́kọ́, ẹ̀ṣẹ́ Àkànní tóbi bí ìṣù búrẹ́dì, èékánná rẹ̀ ń dán bí ìrẹsì, ó di ìka mi mú. Ojú eyín sì hàn gbangba lára ìka mi.

Ó ní, "Eyín ta nìyí?"

Mo ní, "Eyín mi ni. Mo bá yín gé e ni."

Ó wá gbé ìkejì síwájú mi. Ọmọ elégédé náà ni, tòun ti irun wẹ́wẹ́ rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, eṣinṣin kan bà sí i, kò tó hóró ìrẹsì, apá rẹ̀ mọ́ gaara, ó sì ní àmì dúdúdúdú lára bí àdìrẹ. Ó ti ìdí bọ inú èèpo elégédé náà. Bọ̀dá Làmídì ní òun kò rí i nígbà tí òun ń yà á, òun kò sì mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa. Ó ti débẹ̀ ṣáájú mi." Mo wò ó. Ó rẹwà, ìyẹn gan-an ló tún wá dẹ́rù bà mí. Mo ní kó ṣáà gé ìka rẹ̀ jẹ.

Ó lọ fọ oògùn kúrò lọ́wọ́, ó nù ún, ó jókòó, ó sì gé e. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò, ó gé e títí dé ọmọńdinrín tí kò fara kan nǹkan kan. Ó nà wọ́n sí mi kí n yẹ̀ wọ́n wò. Lẹ́yìn náà ló ti ṣọ́ọ̀bù, ó gbé mi sẹ́yìn alùpùpù.

Nígbà tí a yọ sí abúlé, èrò kún iwájú ilé wa. Ìyá mi jókòó sílẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí, ó ń sunkún. Mo mọ̀ pé ó ti parí. N kò lè sọ̀kalẹ̀, agbádá Bọ̀dá Làmídì ni mo dì mú. Ìyá mi gbójú sókè, ó rí mi, ó sáré wá, ó fọ́ mi létí, ó sì gbá mi mọ́ra nínú ìgbátí kan náà. Èmi ni wọ́n ń sunkún lé lórí. Wọ́n ti wá mi dé odò, wọ́n ti wo inú kànga. Àkànní wà lẹ́yìn Ìyá Àgbà, ó ń mí, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀.

Bọ̀dá Làmídì kò sọ ọ̀rọ̀ elégédé fún ẹnikẹ́ni. Ó ní mo wá pe òun kí òun wá gbé ọmọ lọ sí ọsibítù ni. Lójú ẹsẹ̀, ó gbé ìyá mi àti Àkànní sórí alùpùpù, ó yí padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ibà ni wọ́n ní ó ń ṣe é, wọ́n ní ká ní ó pẹ́ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá bẹ́yìn yọ. Bàbá mi yìn mí fún gbogbo abúlé pé orí mi pé. N kò já a nírọ́. Nígbà tí wọ́n gbé Àkànní dé, mo fi ìka sí ọwọ́ rẹ̀, ó dì í mú, ìgbà yẹn ni mo tó sunkún.

Mo fi igi la elégédé jíjẹrà yẹn. Ìdin funfun ló kún inú rẹ̀. Mo sáré pe Ìyá Àgbà, mo ròyìn eṣinṣin fún un, mo ní ṣé ó rí i pé kì í ṣe ìka. Ó wo ìdin náà títí, ó sì ní, "Eṣinṣin náà kò gé ìka jẹ."

Ìyá Àgbà ti lọ, Bọ̀dá Làmídì náà ti lọ. Ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, wọ́n ń ta páùṣì fóònù níbẹ̀ báyìí, inú páùṣì yẹn sì ni kámẹ́rà gbogbo ayé ń sùn. Ẹ̀yin ò ní láti dúró kí ẹnikẹ́ni fọ fọ́tò. Ẹ ti rí i kí ẹ tó gbé ọwọ́ kúrò, ẹ sì lè fà á títí kòkòrò á fi tó ẹran. Ẹwà tó wà lórí ààtàn kò yí padà. Ẹ̀rù tó máa ń ba èèyàn nítorí ohun tó fẹ́ràn, ìyẹn náà kò yí padà. Fọ́tò ẹ̀ṣẹ́ Àkànní wà ní yàrá mi, ó ti ṣá, ṣùgbọ́n ojú eyín yẹn ṣì hàn. Àkànní fúnra rẹ̀ ti yọ ikùn, ó ń sá fún aláǹtakùn, òun ló sì bí Mòrónkẹ́.

Nígbà tí mo parí, ọmọ náà fi ìka méjì fa àwòrán náà tóbi, ó ń wá eṣinṣin kiri ara ọmọ elégédé. Kò rí ọ̀kankan. Ó wo elégédé lórí ọgbà, ó wo èmi, ó fi fóònù sílẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìka rẹ̀ jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín. Mo fẹ́ sọ fún un pé kò pọn dandan. N kò sọ ọ́.

Ó nawọ́ sí mi. Mo wọ awò ojú mi, mo fa ọwọ́ náà sún mọ́ra, mo sì yẹ ìka kọ̀ọ̀kan wò bóyá ojú eyín hàn.